Ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ọgbà ẹranko kan: ṣé Lekki ni àbí Ìbàdàn?

Ìyá àgbà Sùúrùlérè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ-ọmọ wa mẹ́rin ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 2, 5, 8 àti 11 ni wọ́n. Wọ́n ní ẹranko ni àwọn fẹ́ wò. Bàbá wọn àgbà ti pé 70, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àǹtí wọn kan máa tẹ̀ lé wa, nítorí náà àgbà mẹ́ta la máa jẹ́. Àwọn kan ní ká lọ sí Lekki Conservation Centre, àwọn kan ní kò sí èyí tó tó ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Èwo ni ká lọ? Ṣé ká dáná lọ ni àbí ká lọ ra oúnjẹ níbẹ̀? Àfárá òkè ti Lekki tí gbogbo ènìyàn ń pariwo ẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ọmọdé lè gùn ún? Ohun tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi o. Mo ti gbọ́ èyí tó dára tó.

* * *

Tíṣà pámárì

Màmá, ẹ kú ìmúra. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ náà pé ẹranko wo ló wà lọ́kàn wọn. Bí wọ́n bá dáhùn pé kìnnìún, ẹ yọ Lekki kúrò. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí erin. Igbó ni wọ́n ń dáàbò bò ní Lekki: hẹ́kítà 78 ilẹ̀ àbàtà àti pápá tí Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú láti 1990, tí ilé àti ọ̀nà ọlọ́dà ti yí ká báyìí. Ohun tí ọmọ máa rí níbẹ̀ ni ọ̀bọ lórí igi, ọ̀nì, ìjàpá, ọ̀kín, awọ́nríwọ́n, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ oríṣiríṣi. Ẹni tó bá rìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń yọjú sí. Bí ọmọ mẹ́rin bá ń sáré lórí ọ̀nà pákó tó gba inú igbó náà kọjá, gbìrìgbìrì, ariwo tiwọn nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

Ìbàdàn yàtọ̀. Ní 1948, ibi kékeré tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ń kó ẹranko pa mọ́ sí fún ẹ̀kọ́ ni. Ní 1974 ló di ọgbà ẹranko gidi. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tiẹ̀, ẹ ò ní wá a tì. Àwọn tó mọ Ìbàdàn látijọ́ ò lè gbàgbé Aruna àti Imade, ìnàkí ńlá méjì tí èrò ń tìtorí wọn wá láti ọ̀nà jíjìn.

Tèmi ni pé ọmọ ọdún 2 àti 5 nílò ẹranko tó dúró síbi kan. Ìbàdàn ni mo fọwọ́ sí.

* * *

Awakọ̀ Ojúẹlẹ́gba

Tíṣà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ka ọ̀nà mọ́ ọn. Láti Èkó dé Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 130, àlọ nìkan nìyẹn. Ọmọ ọdún 2 tó bá jókòó sínú mọ́tò wákàtí mẹ́ta kò ní rẹ́rìn-ín sí kìnnìún kankan nígbà tó bá dé. Orúnkún bàbá á sì ti gan.

Bó bá jẹ́ dandan ni Ìbàdàn, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti 2021 ló ti ń gbé èrò láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dé Mọníyà. Sùúrùlérè sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kò jìnnà, Mọníyà sí Yunifásítì náà kò jìnnà. Bàbá lè na ẹsẹ̀, ọmọ lè dìde rìn. Àmọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe rèé: wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ, wọn ò ní wo aago àbọ̀. Ẹ wo àbọ̀ kọ́kọ́. Kí ẹ sì bá ọlọ́kọ̀ kan ní Mọníyà ṣàdéhùn àlọ àti àbọ̀, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, nítorí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin bá fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin máa sùn sí Ìbàdàn ni.

Lekki kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí Chevron lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹpẹ. 8:30 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá kúrò nílé ní aago méje lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kó tó di aago méjì ọ̀sán, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ má bàa ká yín mọ́ ojú ọ̀nà. Ọjọ́ Iléyá, Mọ́ńdè Àjíǹde àti ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ẹ má dán an wò rárá. Èrò máa ń pọ̀ dé ibi tí ọ̀bọ fúnra rẹ̀ á sá lọ sínú igbó.

* * *

Olùtọ́nà igbó

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀bọ dáadáa, torí òun ló ń ba ọjọ́ àwọn ènìyàn jẹ́ jù ní Lekki, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ sì ni.

Ọ̀bọ mona ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun roboto méjì sì wà nídìí ìrù rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ ní kí ọmọ máa wá àmì méjì yẹn. Ọmọ tó bá ń wá nǹkan kì í pariwo. Àpò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó bá rí ẹ̀pà, á kọ́kọ́ rọ́ ọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí á fi wú, á wá gorí igi lọ jẹ ẹ́ níbi tí kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí i. Ó burú. Ọ̀bọ tí èèyàn bọ́ lánàá ló ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ lónìí, nítorí ó ti kọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni oúnjẹ ti ń wá. Kì í sì í dúró kó rí oúnjẹ. Ìró ọ̀rá tó ń dún ti tó fún un. Ẹni tó bá ń tú bisikíìtì nínú ọ̀rá lórí ọ̀nà pákó ń pè é ni.

Nítorí náà: oúnjẹ inú àpò tó ní síìpù, kì í ṣe inú ọ̀rá. Kí ọmọ kankan má ṣe mú nǹkan jíjẹ dání láàárín ọ̀nà, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ọ̀bọ bá gba nǹkan, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ẹni tó bá fà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń gba eyín. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn lójú tààrà, kí wọ́n má sì yọ eyín sí i nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rín ni eyín. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìpèníjà ìjà ni.

* * *

Nọ́ọ̀sì ọmọdé

Kí n fi èyí kún ti olùtọ́nà. Bí ọ̀bọ bá bu ọmọ jẹ tàbí ó fi èékánná ya á lára títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni àkọ́kọ́, fún odindi ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, àwọn ènìyàn máa ń dáwọ́ dúró ní méjì. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ewé sí i, ẹ má dì í pa. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kejì: abẹ́rẹ́ ipá wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà wà níbẹ̀. Ajá nìkan kọ́ ló ń kó dìgbòlugi ran ènìyàn. Bó bá sì ti fi àmì hàn lára ẹni, kì í gbóògùn mọ́.

Nǹkan kejì, èyí tí wọn kì í sábà sọ: bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́, ẹ sún Ìbàdàn síwájú. Ìnàkí máa ń kó àìsàn èémí lára ènìyàn, ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán lára ọmọ lè gbé òun ṣánlẹ̀.

Fún ẹ̀fọn àti kòkòrò àbàtà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó fúyẹ́ àti ṣòkòtò tó bo ọrùn ẹsẹ̀ sàn ju ìpara lọ fún ọmọ ọdún 2.

* * *

Ìyá Olóúnjẹ

Mo rí i pé ẹ ti ń dẹ́rù ba màmá kúrò nídìí oúnjẹ. Àwọn kan á ní ká ra oúnjẹ níta. Ọmọ mẹ́rin, àgbà mẹ́ta, oúnjẹ rírà á gbé owó mì, ó sì lè má bá inú ọmọ kékeré mu. Ẹ dáná, màmá. Kẹ́ ẹ kàn pè wọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé lásìkò yẹn àti ibi tí wọ́n fẹ́ kéèyàn ti jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, inú mọ́tò lẹ máa jẹ ẹ́ sí.

Fún ènìyàn méje, ìdajì kóńgò ìrẹsì tó. Mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá. Omi: àgbà kọ̀ọ̀kan lítà kan ààbọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan nǹkan bí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Lítà méje ààbọ̀ nìyẹn, ìgò kékeré 15. Ẹ fi mẹ́fà sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì; àwọn ló máa tutù lé àwọn yòókù, bí wọ́n bá sì ti yọ́, ẹ ó mu wọ́n. Ẹ má lo omi inú ọ̀rá. Ọ̀rá tó bá bọ́ sínú omi àbàtà, ẹranko lè gbé e mì.

Ìrẹsì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kúlà kì í mú nǹkan gbóná, ohun tó bá bá nínú oúnjẹ ló ń pa mọ́. Bẹ́ ẹ bá da ìrẹsì tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ sínú kúlà tútù ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó tó di aago méjìlá ó ti fẹ́ kan, bí ẹnu ò tiẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n. Báyìí la ṣe ń ṣe é: ẹ da omi híhó kún kúlà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ da omi náà nù, ẹ nù ún gbẹ. Ìrẹsì gbọ́dọ̀ ti orí iná bọ́ sínú rẹ̀ tààrà, tí èéfín ṣì ń rú lórí ẹ̀. Ẹ kún un dé ẹnu, torí ààyè òfìfo ló ń mú un tutù. Ẹ fi tówẹ̀lì wé kúlà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i "láti tọ́ ọ wò" títí ẹ ó fi jẹun. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan. Oòrùn Èkó kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sàláàdì ẹlẹ́yin ní tèmi, kó dúró sílé.

* * *

Ìyá àgbà Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ti kúrò nínú ẹ̀ pátápátá nìyẹn? Ohun tí àbíkẹ́yìn yẹn ń jẹ nìyẹn o. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí àfárá òkè.

* * *

Olùtọ́nà igbó

Ẹ fún un lọ́gẹ̀dẹ̀ nínú mọ́tò kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀, màmá. Kẹ́ ẹ nu ọwọ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń dúró lára ọmọ.

Àfárá: mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Wáyà ló so ó rọ̀ láàárín àwọn òpó gíga, àwọ̀n sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó máa ń mì. Àtẹ̀gùn lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó dé orí ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tóóró, èèyàn méjì ò lè kọjá lára wọn dáadáa. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rù bà láàárín kò rọrùn fún láti yí padà. Iwájú ni gbogbo èrò ń lọ.

Èrò tèmi: ọmọ ọdún 11 kó gùn ún, ọmọ ọdún 8 bó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Ọmọ ọdún 5, rárá. Ọmọ ẹ̀yìn, rárá, òjá tàbí kò sí òjá. Bàbá àti ọ̀pá rẹ̀, rárá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àfárá yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn fẹ́ wọlé, nítorí náà kẹ́ ẹ ti pinnu ẹni tó máa gùn ún kẹ́ ẹ tó dé ibi owó.

* * *

Tíṣà pámárì

Mi ò gba ti ọmọ ọdún 5 gbọ́ tán. Àwọn ọmọ ọdún 5 kan láyà ju àgbà lọ, àwọn ọmọ ọdún 11 kan á dì mọ́ wáyà tí wọ́n á máa sunkún. Ọjọ́ orí kọ́ ló yẹ ká wò. Ẹ wo ọmọ náà lórí jangirọ́fà: bó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń mì, ó lè gùn ún. Bó bá ń pariwo pé kí wọ́n dá a dúró, kò lè gùn ún.

* * *

Olùtọ́nà igbó

Tíṣà, ìdánwò jangirọ́fà yẹn dára, mo gbà á. Ṣùgbọ́n gíga ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ọdún 5 kò rọrùn láti dé wáyà tí àgbà ń dì mú, àǹtí wọn ló sì máa máa tẹ̀ fún un. Àgbà tó tẹ̀ ba sórí ohun tó ń mì, ara tirẹ̀ náà ò dúró mọ́. Àǹtí kan, ọmọ méjì tó lè rin ẹsẹ̀ ara wọn: ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Bí wọ́n ṣe máa rìn ṣe pàtàkì. Kí wọ́n má jùmọ̀ gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ológun, torí ẹsẹ̀ tó bá ń bọ́ papọ̀ ló ń mú àfárá jù. Kí wọ́n fi ààyè bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sáàárín ara wọn. Ọmọ ọdún 11 níwájú, ọmọ ọdún 8 láàárín, àǹtí lẹ́yìn, kó lè máa rí àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, kí gbogbo wọn dúró, kí mímì náà rọlẹ̀, kí ọmọ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀. Fóònù kó wà nínú àpò. Èyí tó bá bọ́ láti òkè yẹn, inú àbàtà ló ń lọ. Bí òjò bá sì ti rọ̀ lóru, ẹ gbàgbé àfárá lọ́jọ́ náà.

* * *

Tíṣà pámárì

Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin òbí àgbà ní tí olùtọ́nà kankan ò lè fún àwọn ọmọ yìí: orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó mọ ẹranko ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Bí wọ́n bá rí ọ̀nì, ẹ jẹ́ kí "ọ̀nì" ti ẹnu yín jáde kọ́kọ́. Ìgalà, ẹtu, òkété, awọ́nríwọ́n. Ìjàpá tí wọ́n ti ń gbọ́ nínú àlọ́, ẹ fi hàn wọ́n pé òun náà rèé, òun náà ni ahun. Ẹ̀yin àgbà sì mọ̀ pé ọ̀bọ yàtọ̀ sí ẹdun: ẹdun ni aláwọ̀ dúdú àti funfun tí ìrù rẹ̀ gùn, òun ni a fi ń ki ìbejì ní ẹdúnjọbí. Bí ìbejì bá wà nínú ìdílé yín, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan á gbé yín rìn títí dé ìdí odò.

Ọ̀nì máa ń já ọmọdé kulẹ̀ torí kì í mira. Wọ́n á ní ó ti kú, tàbí pé ère ni. Ẹ ní kí wọ́n wo ojú omi: kókó méjì lókè, méjì níwájú, bí ekùrọ́ mẹ́rin tó léfòó. Ojú rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀ ni. Bó bá wà lórí ilẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀ gbàù, ooru ló ń lé jáde lára, ebi kọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ tàn yín láti gbé ọmọ gorí irin o. Ní oṣù Èrèlé 2024, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó mọ ẹranko náà nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá fi irin sí, ẹsẹ̀ ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì ọmọdé

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi pé kí màmá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání. Mi ò bá a gbà á. Àlàfo wà láàárín pákó àti pákó, táyà kékeré iwájú á máa há síbẹ̀, àgbà á máa bẹ̀rẹ̀, á máa gbé e. Òjá ló yẹ ibẹ̀. Kì í ṣe màmá ló máa pọ̀n ọ́n o. Ọmọ ọdún 2 wúwo tó kìlò 12. Àǹtí ni kó pọ̀n ọ́n lọ́nà pákó, kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó gun àfárá.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àgbà méjì sí ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírò, kẹ́ ẹ lẹ sẹ́lótéèpù sí i kí òógùn má bàa pa á. Kí aṣọ gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan tó hàn; àdìrẹ dúdú kì í hàn nínú igbó, yẹ́lò ń hàn. Bàtà: èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bàtà tuntun á ti gé wọn lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, sílípáàsì á yọ̀ lórí pákó tó lómi.

* * *

Ìyá àgbà Sùúrùlérè

Mo ti bi wọ́n. Àwọn méjì kékeré ní ọ̀bọ. Ẹni ọdún 8 ní ọ̀nì. Ẹni ọdún 11 ní àfárá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kìnnìún, nítorí náà Lekki ni, ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀. Ìbàdàn á dúró de ọdún tó ń bọ̀, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí àǹtí àti àwọn ẹ̀gbọ́n bá wà lórí àfárá, èmi pẹ̀lú bàbá àti àwọn kékeré á wà nídìí adágún ẹja. Ó ku ọ̀pá bàbá. Ṣé ó lè fi rìn lórí pákó yẹn?

* * *

Olùtọ́nà igbó

Ó lè fi rìn, màmá, bí rọ́bà ìdí ọ̀pá náà bá ṣì nípọn. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wò ó. Bí ó bá ti jẹ dé ibi tí irin tàbí igi ti ń hàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di Sátidé. Àwọn tó ń ta ohun èlò ìwòsàn ní rọ́bà yẹn. Àlàfo pákó lè gbé ọ̀pá tóóró mì, nítorí náà àárín pákó ni kí bàbá máa ti ọ̀pá sí, kó má ti í sí etí rẹ̀. Kó má rin gbogbo ọ̀nà náà tán. Kó rìn débi tó bá rí àga, kó jókòó, kẹ́ ẹ fi ọmọ ọdún 5 tì í. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ síbi kan fún ìṣẹ́jú 20 nínú igbó yẹn lọ̀bọ máa ń sọ̀kalẹ̀ wá wò.